Àlejò Tó Ń Ra Omi Òjò

Ẹfúnwándé ni orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ní Òkè-Pẹ́lẹ́bẹ́, Ìyá Yúnyun ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìlú kékeré ni Òkè-Pẹ́lẹ́bẹ́. Kò ju ogún agboolé lọ, orí òkúta títẹ́ kan ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí, láàrin oko iṣu. Ẹfúnwándé ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Opó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ sí ilé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ tó kù tó fi ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀ ni pé ó ń wo ọgbẹ́ fún àwọn ará ìlú, ewé kan ṣoṣo ló sì fi ń wò ó.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí mọ yúnyun dáadáa, kó kàn jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ lẹ ò mọ̀. Etí ọ̀nà ló máa ń hù sí, àti orí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ dá oko sí rí tó sì pa tì. Kì í ga ju àyà ènìyàn lọ. Irun wẹ́wẹ́ bo igi àti ewé rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé náà, yóò ha yín bí ahọ́n ológbò. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bojú wò ó. Ṣùgbọ́n kí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, òdòdó rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, òdòdó kéékèèké tó ní àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n, gbogbo etí ọ̀nà á sì mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bó tu ú lónìí, gbòǹgbò tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ń bọ̀ wá rú ewé mìíràn.

Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí àdá bá ge ènìyàn lóko, wọ́n á já ọ̀mùnú yúnyun, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, wọ́n á sì kán an sójú ọgbẹ́. Ó máa ń ta ènìyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ á dá, ọgbẹ́ náà kò sì ní tètè kẹ̀. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, yúnyun á gbẹ. Bí iná bá sì ti jó pápá, ẹ lè wá ewé rẹ̀ láti ìlú dé odò kí ẹ má rí ẹyọ kan. Àsìkò yẹn gan-an sì ni àwọn àgbẹ̀ ń ṣán igbó, tí wọ́n ń gé òpó tí wọ́n fi ń ṣe àká iṣu, tí àdá kì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Ẹfúnwándé ti kọ́ ọ ní ohun tí a ń ṣe sí èyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí òdòdó yúnyun bá kọ́kọ́ là, kó tó so èso, wọ́n á já ewé rẹ̀ ní òwúrọ̀, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń sá a sí, wọn kì í jẹ́ kí oòrùn kàn án. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á gún un, wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n á sì rọ ìyẹ̀fun náà sínú àdó kéékèèké, ọ̀kan fún agboolé kan. Bí àdó náà bá wà níbi gbígbẹ, tí ìdérí rẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀, agbára rẹ̀ á dúró títí òjò mìíràn.

Àṣà kan tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ìyá náà tó já ewé àkọ́kọ́, á fi ẹyọ owó kan sí ìdí yúnyun. Ẹni tó bá sì wá gba àdó gbọ́dọ̀ mú ẹyọ owó kan wá dípò rẹ̀. Owó ewé ni wọ́n ń pè é. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mú un wá kò ní gba àdó.

Ohun tí Ẹfúnwándé kò lè fara mọ́ nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó rí obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, tó tú etí aṣọ rẹ̀ wò, tó tún un so, tó sì yí padà láì gba àdó. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, àdá ge ọkọ obìnrin yẹn, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ títí ó fi kú. Ẹfúnwándé kò gbàgbé ọwọ́ tó ń tú etí aṣọ náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ papòdà, tí iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó kéde fún ìlú pé owó ewé ti parí. Ó ní òjò kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀, yúnyun kò sì gba owó lọ́wọ́ òun kó tó hù.

Inú ìlú dùn. Láti ọdún náà, Ẹfúnwándé kì í tilẹ̀ dúró kí wọ́n wá bá òun. Yóò kó àwọn àdó náà sínú agbọ̀n, yóò sì máa pín wọn láti ilé dé ilé. Wọ́n á súre fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbẹ, wọ́n á gba àdó, wọ́n á padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é báyìí. Kì í fi ìyẹ̀fun kankan pamọ́ fún ara rẹ̀. Ṣebí gbogbo ilé ló ní.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀, arúgbó tó ń ran òwú, tó wá láti ìlú mìíràn wá gbé ní ìpẹ̀kun Òkè-Pẹ́lẹ́bẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Ẹfúnwándé gbé àdó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó mú ìdì òwú ríran kan jáde, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹfúnwándé kọ̀. Ọmọ́yẹni náà kọ̀ láti gba àdó. Wọ́n fà á títí ó fi sú Ẹfúnwándé, ó gba òwú náà kí ó má bàa dà bí ẹni pé ó kẹ́gàn àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀rín nínú ìlú. Àwẹ̀ró, ìyàwó Láwọyin, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní, “Ẹ wo àlejò tó ń ra omi òjò.” Orúkọ náà mọ́ Ọmọ́yẹni lára. Bó bá ń ti odò bọ̀, àwọn obìnrin á bi í pé eélòó ló ra omi orí rẹ̀.

Ọmọ́yẹni kì í bínú. Ó dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan pé, “Ó wọ́n díẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọn tiyín lọ́fẹ̀ẹ́, mo rí i pé ó ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà.”

Kí a má purọ́ mọ́ Àwẹ̀ró, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọwọ́ rẹ̀ ló kún. Lọ́jọ́ tí Ẹfúnwándé gbé àdó ọdún náà wá, ó ń lọ ata lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé àdó náà sí ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ, ìyẹn ẹ̀yìn ààrò. Ó ní bí òun bá ṣe tán, òun á wá ibi gidi gbé e sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó nílò nǹkan kékeré tó lè fi wọn iyọ̀, ó sì ṣí ìdérí àdó náà mú. Ó ní òun á dá a padà.

Láwọyin ọkọ rẹ̀ náà ní oògùn tirẹ̀. Ó ti ra òkígbẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta á kiri, oògùn tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí irin wọ ara ènìyàn. Owó tó lè ra ewúrẹ́ méjì ló lọ sí i. Awọ pupa ni wọ́n fi rán an. Láwọyin gbé e kọ́ èèkàn tó wà lókè ibùsùn rẹ̀, kò sì sí ọmọ kan nínú ilé tó tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kàn án. Lóṣooṣù ló ń fi epo pa á lára.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí iná ti jó gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà di eérú, Láwọyin àti àbúrò rẹ̀, Olúgbọ́de, lọ gé òpó àká. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni. Láwọyin gbé àdá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, àdá náà bá kókó igi pàdé, ó ta padà, ó sì wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì lábẹ́ orúnkún. Kò dùn ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó wo ilẹ̀ ló rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kún inú bàtà awọ tó wọ̀.

Olúgbọ́de sáré wá ewé. Eérú ló bá. Ó padà wá, ó ya aṣọ rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà, ó sì pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ọ̀nà ni ó ti rántí.

“Ẹ̀gbọ́n, òkígbẹ́ ńkọ́?”

“Ó wà nílé.”

“Kí ló ń ṣe nílé?”

“Mi ò fẹ́ kí ìlàágùn bà á jẹ́ ni.”

Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé, ẹnì kan ti sáré lọ pe Ẹfúnwándé. Ó fi ọ̀já di itan Láwọyin pinpin, ó ká aṣọ lé ojú ọgbẹ́, ó sì fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dẹ ọwọ́, á tún máa ṣàn. Ó ní kí Àwẹ̀ró gbé àdó wá.

Àwẹ̀ró dé ẹ̀yìn ààrò. Àdó náà wà níbi tó gbé e sí láti ìgbà òjò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Omi ọbẹ̀ ti hó dà sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Eérú ti wọ inú rẹ̀, aáyán ti sọ ọ́ di ilé. Ìyẹ̀fun náà ti di òkìtì dúdú kan tó ń rùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, ó sì kúnlẹ̀.

Ẹfúnwándé gbóòórùn rẹ̀. “Ìdérí rẹ̀ dà?”

“Mo fi ń wọn iyọ̀, Ìyá.”

Ẹfúnwándé kò bá a wí. Ó gbé àdó náà sápá kan, ó ní irú èyí kò gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́, pé yóò pa ènìyàn ju àdá lọ. Ó ní kí wọ́n sáré lọ gba ti ilé mìíràn wá, pé ó wà ní gbogbo ilé. Olúgbọ́de gba apá òkè, Àwẹ̀ró gba apá odò.

Ní ilé àkọ́kọ́, obìnrin ilé náà kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ tán kó tó dìde, ó sì lọ tààrà sí ẹ̀yìn ààrò. Adìẹ kan ń sàba níbẹ̀. Àdó náà ti fọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní ilé kejì, ẹ̀yìn ààrò náà ni wọ́n lọ. Iná ti la ti wọn. Ní ilé kẹta, wọ́n bá àdó, ṣùgbọ́n epo ni wọ́n ń bù sí i. Ìyáálé ilé náà ní òun ti da nǹkan inú rẹ̀ nù, nítorí Ìyá Yúnyun á ṣáà tún mú òmíràn wá. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé ilé karùn-ún, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń wọlé ni, ó ń wo ẹ̀yìn ààrò, ó sì ń jáde.

Ó padà délé lọ́wọ́ òfo, ó bá Olúgbọ́de tó ti dé ṣáájú rẹ̀, òun náà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀jẹ̀ ti jáde lára aṣọ kejì. Ètè Láwọyin ti funfun.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “òtútù ń mú mi.” Inú oòrùn ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí.

Ẹfúnwándé kò gbé ojú sókè. Ó ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọgbẹ́ náà. “Ilé wo ló kù?”

Ilé kan ló kù. Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó yà síbẹ̀. Ó sáré lọ sí ìpẹ̀kun ìlú. Ọmọ́yẹni jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ran òwú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ omi òjò, ṣùgbọ́n arúgbó náà ti rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Ó fi ìrànwú sílẹ̀, ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí tó ń kó aṣọ sí, ó sì mú àdó kan jáde láàrin àwọn aṣọ tó mọ́ jù lọ. Ìdérí rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìda lẹ̀ ẹ́ yíká.

“Gbà,” ó ní. “Má dúró kí mi.”

Nígbà tí Ẹfúnwándé fọ́ ìda náà, àwọ̀ ewé ṣì wà lára ìyẹ̀fun náà, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọjọ́ tí wọ́n já a. Ó ṣí aṣọ, ó da ìyẹ̀fun sójú ọgbẹ́ títí ó fi kún, ó sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ. Ó tún da á sí i. Gbogbo àwọn tó yí wọn ká ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ náà funfun síbẹ̀.

Láwọyin kò kú. Ẹsẹ̀ náà jinná lẹ́yìn oṣù méjì, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Ẹfúnwándé lọ sí ilé Ọmọ́yẹni. Ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó ní ọdún méjìlélógún lòun fi ń ṣe wọ́n lóore, òun kò sì mọ ibi tí oore náà ń gbé.

Ọmọ́yẹni ní oore ni, kò sí ẹni tó lè pè é ní orúkọ mìíràn. “Ṣùgbọ́n òwú tí mo fi ń san án, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ran án. Nígbàkígbà tí mo bá rí àdó yẹn, ọjọ́ mẹ́rin mi ni mo ń rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ọjọ́ mẹ́rin mi sí ẹ̀yìn ààrò?”

“Ẹni tí kò ní òwú ńkọ́? Ẹni tí kò ní ẹyọ owó kan?” Ẹfúnwándé sì sọ fún un nípa obìnrin tó tú etí aṣọ rẹ̀ wò.

Ọmọ́yẹni gbé ìrànwú sílẹ̀. “Ìyẹn nira,” ó ní. “Èmi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rò ó.”

Ẹfúnwándé rò ó títí òjò fi rọ̀. Nígbà tí yúnyun tún yọ òdòdó láàrin eérú tó wà ní etí ọ̀nà, ó fi ẹyọ owó kan sí ìdí èyí tó kọ́kọ́ rí, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, kó tó já ewé. Ó wá kéde pé owó ewé ti padà. Ẹni tó bá fẹ́ àdó, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó sì mú ẹyọ owó kan dání. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó ti ń sọ Ìyá Yúnyun di ahun.

Ohun tí wọn kò tètè mọ̀ ni pé ó gbé igbá kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi. Ẹyọ owó ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ẹni tó fẹ́ mu omi, kó mú ẹyọ kan, kó yí gba iwájú wá, kó sì san án bí àwọn yòókù. Ẹfúnwándé kì í sí níbẹ̀ láti wo ẹni tó mú un. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn tó ní lọ́wọ́ náà ń yà sídìí igbá náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó kéré tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mú un.

Láwọyin ló kọ́kọ́ dé ní ọdún náà, ó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú ẹyọ owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó délé, ó yọ òkígbẹ́ kúrò lórí èèkàn tó wà lókè ibùsùn rẹ̀, ó sì fi àdó yúnyun kọ́ ibẹ̀. Ibi tó gbé òkígbẹ́ náà lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti Àwẹ̀ró, òun ló ń pọn omi fún Ọmọ́yẹni láti ìgbà náà lọ, arúgbó náà kì í sì jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láì bi í pé eélòó ló rà á.

Ìyẹ̀fun tó wà nínú àwọn àdó tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà kò yàtọ̀ sí èyí tó gba ẹ̀mí Láwọyin là. Ewé kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló gún un. Ibi tí wọ́n gbé wọn sí ló yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n rí ohun tí Àwẹ̀ró rí láti ilé dé ilé kò gbàgbé rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà sì sọ ọ́ di òwe tí àgbà ń pa fún wa títí dòní: oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé.